Àgádágodo fún Erékùṣù Llaicha

Erékùṣù Llaicha, Chiloé
Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, ọdún 2018

Nolfa ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àtirìn jìnnà. Ara mi le, bí a bá yọ orúnkún òsì kúrò. Òun náà kì í sì í dùn mí bí n kò bá rìn. Àǹtí rẹ Edita ní kí n kí ọ. Ó ní o kò fèsì káàdì tí òun fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ ìbí rẹ, àti pé òun kò bínú. O mọ̀ pé ó ń bínú.

Ìdí tí mo fi mú kálámù nìyí. Òkun ti jẹ ọgbà pòtétò tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ tó kù láàárín ìloro wa àti omi. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni. Ní ọdún tí o lọ, ogójì ni. Ilé náà fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn. Bí mo bá fi òòlù kan igi rẹ̀, ó ń dún gbọn-in. Ilẹ̀ ló ń sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Òtútù ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá a níbẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀.

Nítorí náà a ó fà á. Òkè tó wà lẹ́yìn wa ga jù fún màlúù, a ó gba ojú omi, bí bàbá mi ṣe gbé e wá síbí lẹ́yìn ilẹ̀ ríri ọdún 1960. Àwọn màlúù yóò fà á sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn, a ó so àgbá òfìfo mọ́ ọn lábẹ́, bí omi bá kún yóò léfòó, ọkọ̀ mẹ́ta yóò sì fà á lọ sí Quilque lápá kejì erékùṣù, sórí ilẹ̀ Edita. Irú omi tó lè gbé ilé kì í wá lójoojúmọ́. Ìwé àwọn atukọ̀ ní Tọ́sìdé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, ló máa ga jù. Ọjọ́ yẹn ni.

Màá lọ bẹ àwọn aládùúgbò láti ilé dé ilé, bó ṣe yẹ. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Nígbà tí bàbá mi ń fa ilé yìí, èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mo dúró nínú rẹ̀ lójú fèrèsé, tí mo ń wo ilẹ̀ pákó, tí mo ń ké sí àwọn ọlọ́kọ̀ bí omi bá ti ń wọlé. Ọmọ ilé ló ń ṣe é. Èmi kò bí ju ẹyọ kan. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, a kò tíì jọ ṣe iṣẹ́ kan pọ̀, èmi àti ìwọ.

Orfa nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kí òun fi kọ̀ǹpútà dìspẹ́nsárì ránṣẹ́ sí ọ, pé yóò dé kí n tó pa ojú dé. Mo ní rárá. Ohun tí Orfa bá kọ́kọ́ kà kì í ṣe lẹ́tà mi mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Eleuterio Colivoro


Montevideo
Sọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2018

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Ẹ jẹ́ kí Señora Orfa wo orúnkún yẹn. Ẹ yéé fi òróró ọkọ̀ pa á. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí Edita, màá kọ̀wé sí wọn lọ́tọ̀.

Lẹ́tà yín lo ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lójú ọ̀nà. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kà á, n kò lè dúró di ìgbà tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wà dáadáa. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri náà ni mo ṣì ń gbé. Ọdún kẹfà mi níbí rèé, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ṣì ń bi mí bóyá mo gbádùn ìbẹ̀wò mi.

Ẹ ó rí mi ní oṣù kejì. Màá wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé, ogúnjọ́ oṣù, màá sì sùn sílé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi fún yín, torí ó kan Llaicha. Àwa mẹ́rin la wà ní ọ́fíìsì wa. A ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí àwọn nọ́ọ̀sì erékùṣù yóò máa fi kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí dókítà ní ilẹ̀ ńlá. Òpin oṣù kejì la gbọ́dọ̀ fi lé wọn lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n fún ní apá tó ń ti ìwé náà pa, kí ẹni tó bá já a gbà lójú ọ̀nà má rí nǹkan kan kà àfi jágbajàgba.

Àwa kọ́ la rọ àgádágodo náà. Ẹni tó bá gbọ́n kì í dá irú rẹ̀ rọ. Àwọn tó mọ ìṣirò rẹ̀ ti rọ ọ́, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ayé máa lò ó. Èdè àtijọ́ kan, tó sún mọ́ irin ẹ̀rọ, ni wọ́n fi kọ ọ́. Èdè mìíràn ni ètò tiwa. Èmi ni mo ń so méjèèjì pọ̀.

Ọ̀nà méjì la lè gbà so ó. Ọ̀kan ni pé kí ètò wa má gbé àgádágodo kankan rìn: bó bá dé orí kọ̀ǹpútà kan, kó wá èyí tó bá wà níbẹ̀, kó lò ó. Èyí fúyẹ́, ó sì tètè ń kọjá lórí ìkànnì yín tó ń kú tó ń jí. Òun ni ọ̀gá mi, Washington Etcheverry, fẹ́. Ṣùgbọ́n a gbé e lọ sí dìspẹ́nsárì Llaicha fún ìdánwò, Señora Orfa sì tẹ̀ ẹ́: ètò náà wá àgádágodo títí, èyí tó rí ti gbó, ẹnu rẹ̀ kò sì bá kọ́kọ́rọ́ wa mu. Ó kọ̀ láti ṣí.

Ọ̀nà kejì ni kí a so àgádágodo náà mọ́ ikùn ètò wa kó tó kúrò lọ́wọ́ wa, kó gbé ti ara rẹ̀ dé ibikíbi. Ohun tí mo ń bá Washington jà lé lórí nìyẹn.

Ó ní, “Nolfa, o fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan lórí omi máa dúró de ẹrù tó tó ilé?”

Mo ní, “Ó sàn kó dúró dè é ju kó dé kó má ṣí.”

“Ẹ̀yin ará Chiloé yìí, orí yín le ju òkúta yín lọ.”

Ó gbà níkẹyìn. Ó ní kí n máa bá a lọ, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, a ó kó ìwé ránṣẹ́ láìtì í.

Ọmọ yín,
Nolfa


Erékùṣù Llaicha
Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejìlá, ọdún 2018

Nolfa,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú ọdún Kérésì tó ń bọ̀, torí lẹ́tà yìí kò ní bá a. Lẹ́tà rẹ dé ní Wẹ́sidé. Mo kà á fún Edita títí dé ibi tí o ti sọ pé o ó kọ̀wé sí i lọ́tọ̀. Ó ní, “Ọ̀tọ̀ wo? Lẹ́tà mi ti tóbi jù fún àpò ìwé ni?” Kọ̀wé sí i.

Mo ti bẹ ilé méjìlélógún. Mo ti ilé Artemio Raín bẹ̀rẹ̀, torí màlúù rẹ̀ ló lágbára jù. Mo ṣí fìlà, mo ní, “Don Artemio, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Eleuterio, ẹ fẹ́ gbé ilé? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè gbé ara yín dé ṣọ́ọ̀ṣì?”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Dá wọn lóhùn dáadáa, ìwọ ọkùnrin yìí!”

Ó ní, “Màlúù mẹ́rin. Ọmọ ńkọ́? Nolfa ń bọ̀?”

Mo ní o ń bọ̀. Ní gbogbo ilé méjìlélógún yẹn ni wọ́n ti bèèrè, ibi gbogbo ni mo sì ti dáhùn. Ṣọ́ra kí o má sọ mí di òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Artemio ní kí n bi ọ́ bóyá o ó máa jókòó ní Montevideo máa ka ibi tó ń yún òun nínú ìwé tí Orfa bá kọ.

Nípa iṣẹ́ rẹ, ó yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Ní ọdún 1974, Belarmino, ẹ̀gbọ́n Artemio, fa ilé rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn àna rẹ̀. Àwọn àna ní kó má da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú àdògán onírin, pé òmíràn wà níbẹ̀. Ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ilé jókòó tán, ọ̀pá èéfín àdògán àwọn àna kò ṣe déédéé ihò tó wà lórí òrùlé. Gbogbo òtútù ọdún yẹn ni wọ́n fi ń jẹun nínú èéfín. Títí dòní a ṣì ń pe ìdílé yẹn ní Olójú-pupa. Ìwọ ló tọ̀nà, ọ̀gá rẹ ló ṣì í.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. O ní àwọn kan rọ àgádágodo yìí, o sì fẹ́ gbé e wọnú ilé tìrẹ. Ṣé o ti lọ bẹ̀ wọ́n? Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í lo ọwọ́ ọlọ́wọ́ láìbẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fún ọ ní ọjọ́ rẹ̀, o jẹ ẹ́ ní gbèsè iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Bàbá rẹ,
Eleuterio


Montevideo
Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ọdún 2019

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún o. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí Àǹtí Edita, ojú ewé mẹ́rin.

Ẹ dójú tì mí. N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í bẹ̀. Àwọn tó rọ ọ́ ti kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mú un. Ṣùgbọ́n n kò lè gbójú fo ọ̀rọ̀ yín. Mo wá orúkọ wọn kàn, mo sì rí i pé ẹni kan ṣoṣo ló ń tọ́jú àgádágodo náà láti ọdún méje, Leandro Bazterrica, ní Rosario, Argentina. Mo kọ̀wé sí i pé a ń lo iṣẹ́ rẹ̀ ní erékùṣù kan báyìí, àti pé bàbá mi ní mo jẹ ẹ́ ní gbèsè iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ó fèsì lọ́jọ́ kejì. Ó ní láti ọdún méje, ẹni tó bá kọ̀wé sí òun, ẹjọ́ ló ń rò. Kò sí ẹni tó bèèrè rí. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ó ní èyí tí mo gbé ti pé ọdún méjì, ó sì ní ibi tó ti sán, tí òun ti dí nínú ti tuntun. Ó ní: “Bó bá jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà wọn ló wà, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà á pààrọ̀ rẹ̀. Tí o bá ti so ó mọ́ ikùn tìrẹ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò ràntí rẹ̀ mọ́ láyé. Ìwọ nìkan ni.”

Mo ti gbé tuntun. Mo ti san ọjọ́ kan fún un: Sátidé tó kọjá ni mo fi kọ gbogbo ohun tó ń bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀ fún un.

Ó ku wàhálà kan. Kí a tó lè so àgádágodo náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà sí èdè tí irin irú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́. Irú mẹ́ta ló wà ní àwọn erékùṣù. Méjì ti gbọ́. Ẹ̀kẹta ni ti Llaicha, ògbólógbòó tó wà níwájú Señora Orfa, kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Montevideo. Mo ti wá a títí dé ìsọ̀ àwọn alágbàtà. Mo ń ṣe é níbí, mo ń fi ránṣẹ́, Señora Orfa ń dúró de ìkànnì, ó ń tẹ̀ ẹ́, ètò náà á yọjú, á sì wọlé padà bí onígbèsè tó rí ẹni tó wá sin owó lójú fèrèsé. Kì í sọ ìdí. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ìgbìyànjú kan ń gbà. A ti ṣe mẹ́rin.

Gbogbo àwọn ará ọ́fíìsì ti lọ sí etíkun. Oṣù kìíní ni, ìgbà ooru àti ìsinmi níbí, ìlú ṣófo. Èmi àti fáànù la wà. Ní ọjọ́ Kérésì mo se pòtétò, mo rin ín, mo fẹ́ ṣe milcao, àkàrà pòtétò wa, bíi ti màmá. Ó tú ká nínú epo. Mo fi ṣíbí jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Nígbà mìíràn, ọjọ́ mẹ́ta á kọjá tí n kò gbọ́ ohùn ara mi àfi tí mo bá ní “ẹ ṣé” fún obìnrin oníbúrẹ́dì.

Ẹ sọ fún Don Artemio pé mi ò lè ka ibi tó ń yún wọn. Èmi tí mo so ó gan-an ò lè ṣí i.

Nolfa


Erékùṣù Llaicha
Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kejì, ọdún 2019

Nolfa,

Kò sí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ rẹ láti ṣáájú Kérésì. Ìjì kò jẹ́ kí ọkọ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá ó wà nínú àpò kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Castro.

Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù.

Igi gbọọrọ méjì tí a ó tẹ́ sábẹ́ ilé ti dé, Artemio ti ń sọ pé tòun ló tọ́ jù. Mo ti tú ọ̀pá èéfín. Orí iná ìta ni mo ti ń se tíì máté mi. Edita ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ méjì. Àwọn obìnrin ti pín iṣẹ́ oúnjẹ, wọ́n fi àyè rẹ sílẹ̀.

Omi ọjọ́ yẹn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, òṣùpá kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Bí ohunkóhun bá fẹ́ dí ọ lọ́wọ́, tètè sọ, kí n má lọ dúró ní èbúté.

Bàbá rẹ


Montevideo
Wẹ́sidé, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, ọdún 2019

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. N kò lè wá.

Ìgbìyànjú mẹ́jọ ló ti kú lórí ẹ̀rọ Llaicha. Ó ku ọjọ́ méjìlélógún. Bí kò bá ṣí, wọn ó kó ìwé àwọn èèyàn ránṣẹ́ láìtì í. Ẹ mọ Llaicha: ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnìkan ló ń tún wáyà ṣe, àna ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Oyún tí ẹnìkan kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀, àrùn tí ẹnìkan ń fi pamọ́, gbogbo rẹ̀ á wà ní gbangba. Àwọn èèyàn wa ni. Èmi nìkan ló mọ ibi tí mo bá iṣẹ́ náà dé. Washington ní òun kò ní jẹ́ kí n kúrò níbí títí yóò fi ṣiṣẹ́.

Mo ní kí Señora Orfa má sọ fún yín. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ilé. Ẹ má dúró dè mí.

Nolfa


Erékùṣù Llaicha, Quilque
Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọdún 2019

Nolfa,

Mo lọ sí èbúté ní Wẹ́sidé, ogúnjọ́ oṣù. Mo ti fá irùngbọ̀n. Èèyàn mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn wọn ni atukọ̀ na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Don Eleuterio, tiyín rèé.” Lẹ́tà rẹ ni. Ìdúró ni mo kà á.

A fà á. Màlúù mẹ́rìndínlógún, èèyàn bí àádọ́rin. Ilé náà sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí omi gbé e, ó gbọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Artemio pariwo láti orí ọkọ̀: “Ta ló wà nínú ilé?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ẹ̀yin kẹ̀? Orúnkún yín ńkọ́?” Mo ní kó fà.

Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni mo fi wà níbẹ̀. Omi wọlé ní igun yàrá rẹ, mo fi àpò dí i. Mo ń ké jáde pé ó ti dúró, afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn mi lọ, n kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Mo jókòó. Òkè ń kọjá lójú fèrèsé ilé ìdáná, níbi tí òkè kì í ti í rìn.

Ilé ti jókòó. Kò sán níbì kankan. Wọ́n jẹun, wọ́n mu ọtí ápù, wọ́n jó. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ lọ́wọ́ mi, Edita ti kìlọ̀ fún wọn. Mo rò pé ó sàn kí wọ́n bèèrè.

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí dìspẹ́nsárì nítorí orúnkún. Orfa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ètò rẹ ti ṣí ní àná, pé ìgbìyànjú kejìlá ni. Ó kọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi hàn mí bó ṣe di jágbajàgba kó tó lọ. Mo ní iṣẹ́ ọmọ mi ni. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù kìíní ti dé ọwọ́ mi nígbà náà, mo wá ń wo kọ̀ǹpútà yẹn. Mo ní, “Ṣé èyí ni ẹ̀rọ tí kò sí irú rẹ̀ ní Montevideo?” Ó ní òun ni. Mo ní, “Tí ọmọ mi fi ń dúró ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta láti mọ ohun tó ṣe é?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun sọ fún ọ ní oṣù kìíní pé kí o kúkú wá jókòó níwájú rẹ̀, pé tábìlì wà, àga wà. Ó ní o dáhùn pé o ó rò ó.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa àtijọ́ sí kọ̀ǹpútà yẹn, ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ ni. Kí ló dé tí o kò wá ṣe é níbí?

Eleuterio


Montevideo
Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta, ọdún 2019

Bàbá mi,

Ó di ìgbà kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń pa ètò náà. Leandro ló bi mí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kejì pé, “Orí ẹ̀rọ wo lo ti ń yí i padà?” Mo ní orí tèmi. Ó ní kí n lọ wo àṣẹ tí mo kọ fún ohun èlò tó ń yí i padà. Ohun èlò tí a fi ń yí àgádágodo padà ti wo ẹ̀rọ tó jókòó lé, ẹ̀rọ mi tó jẹ́ tuntun, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ rí. Ó fi àwọn ọ̀nà àbùjá tí ẹ̀rọ tuntun nìkan mọ̀ sínú rẹ̀. Ti Llaicha dé ibẹ̀, kò mọ̀ ọ́n, ó kú. Ìlà kan ni mo pa rẹ́. Ká ní mo jókòó níwájú ẹ̀rọ Señora Orfa ni, ìdajì wákàtí kò ní pé tí n ó fi rí i.

Mo purọ́ fún yín. Washington kò dí mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní ni mo sọ fún un pé Señora Orfa ní kí n wá. Ó ní, “Lọ, kí lo tún ń dúró dè? Lọ fa ilé bàbá rẹ, kí o tún ẹ̀rọ yẹn ṣe.” Mo ní màá lọ. N kò lọ.

Bí mo bá wà lórí bọ́ọ̀sì níbí, tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni, mo máa ń fi ọkàn rìn wọ ilé wa. Mo sọ̀ ní èbúté, mo gba ẹ̀gbẹ́ òkúta, mo ṣí géètì tó ń han, màmá wà lẹ́yìn ilé, ẹ̀yin wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ń kàn. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kí n tó dé Montevideo pàápàá, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń rìn ín. N kò ní ibòmíràn tí mò ń lọ. Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé ẹ ó fà á, mo mọ̀ pé bí mo bá fi ojú mi rí ibẹ̀ lófìfo, n kò ní lè rìn ín mọ́. Mo wá fi iṣẹ́ bojú. Iṣẹ́ náà jẹ́ òótọ́, ẹ̀rù tó bà mí fún àwọn èèyàn wa jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dí mi lọ́wọ́. Mo jẹ́ kí ẹ nìkan jókòó nínú ilé lójú omi pẹ̀lú orúnkún yẹn, mo sì jẹ́ kí ẹ fá irùngbọ̀n lásán.

N kò ní sọ pé ẹ dárí jì mí. Leandro ti tún rí ibòmíràn tó sán, mo sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àgádágodo náà ní gbogbo erékùṣù. Mo ti gba àyè oṣù kan ní ọ́fíìsì. Mo fẹ́ ti orí ẹ̀rọ Señora Orfa ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ mi nílé, màá wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún. Bí ẹ kò bá fẹ́, Àǹtí Edita ní yàrá.

N kò mọ ohun tó yẹ kí n kọ sí ẹ̀yìn àpò ìwé yìí. Mo kọ “Quilque”, n kò mọ èyí tó kù.

Nolfa


Quilque, Llaicha
Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹrin, ọdún 2019

Nolfa ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. “Quilque” tó.

Mo bínú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bínú, Edita lè sọ fún ọ. Mo ti bínú tán.

Èmi náà kò tíì padà lọ wo ibẹ̀. Bí mo bá ń lọ sí dìspẹ́nsárì, ọ̀nà òkè ni mo ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pa orúnkún mi. Orfa rò pé mò ń ṣe eré ìdárayá.

Gbọ́ bí o ó ṣe wá. Ọkọ̀ yóò kọ́kọ́ dúró ní èbúté tí o mọ̀. Àwọn èèyàn yóò sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ náà yóò fẹ́ sọ̀. Jókòó. Òpó ìdí ilé nìkan ló kù níbẹ̀, omi sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá sọ̀ níbẹ̀ ní ìwọ nìkan, ohun tí kò sí ni o ó kọ́kọ́ rí. Jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Ogún ìṣẹ́jú sí i, o ó rí ilé náà lápá òsì, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ báyìí. Kò tíì mọ́ èmi náà lára.

Èmi yóò wà létí omi. Jẹun kí o tó wọkọ̀, omi máa ń ru ní oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, bí ara rẹ bá gbà á, a ó jọ rìn lọ wo ibẹ̀, kí ó tó di pé o lọ jókòó níwájú ẹ̀rọ Orfa.

Bàbá rẹ,
Eleuterio